Ìwé sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Sakété, lórí ogún bàbá rẹ̀

Pobè, ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ pè mí lánàá. Ó ní o kì í sùn mọ́, ó sì ní ẹkún nìkan kọ́ ló ń lé oorun lójú rẹ, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ń sọ láti ìgbà tí a ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀kan ní kí wọ́n ta oko ọ̀pẹ kí ìnáwó ogójì ọjọ́ lè dùn. Òmíràn ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kí gbogbo wọn dákẹ́, alfa ni yóò pín in. O ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í dúró lórí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Bí a ti ń sunkún là ń ríran, ọmọ mi. O mọ̀ pé mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ ìwé ní ọ́fíìsì nọtẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Àwọn ogún tó dàrú tí mo rí níbẹ̀ kò níye. Àwọn kan sá fún ẹbí, wọ́n gba tribunal lọ tààrà. Tribunal dá wọn padà sọ́dọ̀ ẹbí. Àwọn kan jókòó ti ẹbí láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Kó tó di ọdún kejì, ilẹ̀ ti lọ. Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa yìí, ìpàdé ẹbí gan-an ni ilẹ̀kùn tí èèyàn ń gbà wọ ilé ẹjọ́. Nítorí náà, má sá fún ìpàdé tí wọ́n bá pè ọ́ sí. Lọ, kúnlẹ̀ kí wọn, jókòó. Ṣùgbọ́n má lọ lọ́wọ́ òfo.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ ni acte de décès, ìwé ẹ̀rí ikú. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ilé ni bàbá rẹ ti kú. Ẹni tó bá kú sí ọsibítù, wọ́n á fún àwọn èèyàn rẹ̀ níwèé tí wọn yóò mú lọ sí mẹ́rì. Ẹni tó kú sílé, àfi kí ará ilé dìde lọ sọ fún délégué, kí ó sì dé ọ́fíìsì arrondissement. Ọ̀pọ̀ wa máa ń sin òkú tán, a ó se oúnjẹ, a ó gba àlejò, a ó gbàgbé. Bí àkókò tí òfin fún wa bá sì kọjá, tribunal ni yóò kọ́kọ́ dájọ́ kí mẹ́rì tó lè kọ ikú náà sílẹ̀. Nígbà tí ìwé náà bá dé ọwọ́ rẹ, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀, kí o jẹ́ kí wọ́n lù wọ́n ní òǹtẹ̀. Bánkì á gba ọ̀kan, CNSS tó ń san owó ìfẹ̀yìntì á gba ọ̀kan, tribunal á gba ọ̀kan, kò sì sí èyí tó ń dá tiẹ̀ padà nínú wọn.

Kí o tó gbé e lọ síbì kankan, kó gbogbo ìwé bàbá rẹ jọ sórí ẹní, kí o ka orúkọ rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìyà tí àwa tí Faransé kọ orúkọ wa sílẹ̀ ń jẹ kò kéré. Adéṣínà kan ṣoṣo lè jẹ́ Adéchina lórí ìwé ìbí, kó di Adessina lórí káàdì ìdánimọ̀, kó tún di Adesina lórí ìwé ilẹ̀ tí ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà bá wa kọ. Bàbá tó wáyé nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, «né vers» ni wọ́n máa ń kọ síbi ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọdún tó tẹ̀lé e sì lè yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì. Àwa mọ̀ pé ẹnì kan ni. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní bánkì kò mọ bàbá rẹ. Èèyàn mẹ́ta ló rí yẹn. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní certificat d'individualité, òun ló ń jẹ́rìí pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyí. Bí àṣìṣe bá sì wà nínú ìwé ìbí fúnra rẹ̀, tribunal ló lè tún un ṣe. Láti ìgbà tí ANIP ti ń fún èèyàn ní nọ́mbà ìdánimọ̀, wàhálà yìí ti dín kù fún àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ ni ti bàbá rẹ. Yẹ tìrẹ náà wò, àti ti gbogbo àbúrò rẹ, títí kan àwọn ọmọ ìyàwó kékeré. Orúkọ bàbá tó wà lórí acte de naissance yín gbọ́dọ̀ bá ti acte de décès mu. Iṣẹ́ yìí kò dùn ún ṣe, kò sì sẹ́ni tí yóò yìn ọ́ fún un, àmọ́ mo ti rí i tí lẹ́tà «h» kan ṣoṣo dá owó opó dúró.

Ní ti owó. Mo gbọ́ pé àbúrò rẹ ọkùnrin mọ kóòdù MoMo bàbá yín, ó sì ti ń fa owó jáde níbẹ̀ láti fi ra ìrẹsì àlejò. N kò pè é lólè; òun ni bàbá rẹ máa ń rán níṣẹ́ owó nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí òkú fún èèyàn nígbà tó wà láàyè, ikú ti gbà á padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni procuration tí ẹnikẹ́ni bá ní lórí àkáǹtì rẹ̀ ní CLCAM, ilé ìfowópamọ́ àwọn àgbẹ̀, tàbí ní bánkì: ọjọ́ tí ẹni tó fúnni kú ni agbára rẹ̀ tán. Ní kí ó dáwọ́ dúró lónìí. Kí ó kọ iye tó ti yọ sílẹ̀ àti ohun tó fi rà, kí ó fa ìwé náà lé ọ lọ́wọ́, kí ó sọ ọ́ níwájú ẹbí fúnra rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó bá a sọ ọ́. Ẹ má sọ SIM náà nù o. Àwọn tó jẹ bàbá rẹ lówó lè fi ránṣẹ́ síbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìfiránṣẹ́ bánkì ń wọlé sí. Bí bánkì bá gbọ́ pé oníbàárà wọn ti kú, wọn yóò ti àkáǹtì náà pa títí àwọn àrólé yóò fi mú ìwé tribunal wá. Èyí máa ń bí àwọn èèyàn nínú. Tìrẹ kó má bí ọ nínú, torí àkáǹtì tí ìwọ kò lè ṣí, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ náà kò lè ṣí i.

Bí bàbá rẹ bá yá owó ní CLCAM, má kàn gbé gbèsè náà rù. Béèrè bóyá wọ́n fi ìdójútòfò ikú mọ́ ẹ̀yáwó náà, nítorí irú rẹ̀ máa ń wà tí ará ilé kì í mọ̀. Lọ bá olórí tọ́ńtìn tí bàbá rẹ máa ń dá ní ọjà pẹ̀lú. Bí ó bá ti kó tirẹ̀ tí kò tíì dá a tán, gbèsè nìyẹn. Bí kò bá tíì kó o, ogún ni. Kọ méjèèjì sílẹ̀. Àwọn tí bàbá rẹ jẹ lówó yóò wá fúnra wọn, àwọn mìíràn kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ sàréè gbẹ. Àwọn tó jẹ ẹ́, ìwọ ni yóò wá wọn lọ. Ẹni tó bá ní òun ń béèrè owó, kí ó mú ìwé wá tàbí ẹlẹ́rìí. Gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, má dá san kọ́bọ̀ kan kí gbogbo ẹ̀yin àrólé tó jókòó. Nínú ẹ̀sìn wa náà, gbèsè ṣáájú ogún. Òfin ìlú wa sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá rí i pé gbèsè ju ogún lọ kí ó kọ ogún náà. N kò rò pé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ dé ibẹ̀ yẹn.

Owó ìfẹ̀yìntì kò gba àròyé. Bàbá rẹ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onigbolo, orúkọ rẹ̀ wà ní CNSS. Ìyá rẹ tó jẹ́ opó rẹ̀ àti àwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà lè béèrè owó ìfẹ̀yìntì tí àwọn tó kù lẹ́yìn òṣìṣẹ́ ń gbà. Ó yàtọ̀ sí ogún, wọn kì í pín in ní ìpàdé ẹbí. Bí ẹnikẹ́ni bá dá a mọ́ ogún, sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kì í ṣe ara rẹ̀. Ìyá rẹ yóò nílò acte de mariage tó gbà ní mẹ́rì. Mo mọ̀ ọ́n, ó ti gbé e pa mọ́ sínú àpótí aṣọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ oko. Ibí ni mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ jù.

Oko bàbá rẹ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kan ni gbogbo èèyàn fi ń pè é. Apá òkè, tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ló rà á. Ó ní convention de vente, ìwé tó fi rà á, tí mẹ́rì fi òǹtẹ̀ lù. Apá ìsàlẹ̀, ti bàbá bàbá rẹ ni, wọn kò sì pín in láti ọjọ́ tí bàbá àgbà ti kú. Èyí ni pé nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá ń sọ pé «ilẹ̀ wa ni», irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa nípa ti ìsàlẹ̀. Ìpín bàbá rẹ nìkan lẹ lè jogún níbẹ̀. Bí o bá dé ìpàdé tí o sì ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ tiyín, o ti fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi gba ti òkè mọ́ ọ lọ́wọ́. Fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, kí tìrẹ lè dúró.

Lórí ti òkè, ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀pẹ ìgbẹ́. Láti ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè níbí, tó ti wà láti ọdún 1922, ni bàbá rẹ ti ra àwọn ọ̀dọ́ ọ̀pẹ tó gbìn. Irú ọ̀pẹ yìí ń so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sì ń mówó wọlé títí dé bí ọdún 25. Ti bàbá rẹ kò tíì dé àárín ọjọ́ orí yẹn. Ẹni tó bá ní kí ẹ tà á fún owó òkú, owó ọ̀pọ̀ ọdún ló ń ní kí ẹ fi jẹun ọjọ́ kan. Mo sì gbọ́ pé ẹnì kan ti lọ wo ibẹ̀, ó ní òun yóò ra àwọn ọ̀pẹ náà ní dídúró, òun yóò bì wọ́n ṣubú, òun yóò dá ẹmu wọn fún àwọn tó ń pọn sódàbì. Ọtí nílé alhaji! Sọ fún un pé kó má wá mọ́.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ dá ọjọ́ kan, kí ẹ lọ rin ààlà. Ìwọ, àbúrò rẹ, ọmọ kan láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kékeré, àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà, àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó fẹ́ tà á gan-an. Òun ni kí o kọ́kọ́ bẹ̀ pé kí ó ṣíwájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi pèrègún tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ rìn ín yí ká. Níbi tí pèrègún bá ti kú, ẹ dúró, kí ẹni tí ẹ jọ pààlà sọ ohun tó mọ̀, kí ẹ gbin òmíràn lójú gbogbo yín. Ẹ ka ọ̀pẹ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Fi fóònù ya àwòrán igun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tó dúró níbẹ̀. Kí o tó kúrò lóko, kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà lápá ọ̀tún, ẹni tó wà lápá òsì, iye ọ̀pẹ. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí ẹni tí kò mọ̀wé fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ààlà, tó sì tẹ ọwọ́ sí i, ojú á tì í láti wá sọ ààlà mìíràn ní tribunal.

Níbẹ̀ náà ni kí o ti béèrè, lójú gbogbo wọn, bóyá bàbá rẹ fi ìlà ọ̀pẹ kankan dógò. Ìdógò ọ̀pẹ pẹ́ láyé ní ìlú wa: èèyàn á gba owó, ẹni tó yá a lówó á máa kó èso títí owó yóò fi padà. Kò sí ìwé fún ọ̀pọ̀ rẹ̀, àárín èèyàn méjì ni. Bí olówó bá dákẹ́ lóko lọ́jọ́ náà, tó wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì pé òun ra ilẹ̀ ni, ẹ ti ní ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn èyí, gbé convention ti òkè lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní mẹ́rì, kí o béèrè ohun tó kù kí ìwé náà tó lè di orúkọ yín. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 2013 ti dé, tí ANDF tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì wà, ìwé ọwọ́ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ gbani mọ́. Kò di dandan kí ẹ parí rẹ̀ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn ọ́ jù ló kù, pé obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ kò dá a sọ láti inú ara rẹ̀. Faransé kó àṣà wa jọ sínú ìwé kan lọ́dún 1931, wọ́n pè é ní Coutumier du Dahomey. Ìwé náà ní obìnrin kò ní ẹ̀tọ́ kankan lójú òfin, ó kà á mọ́ ohun ìní àti ogún ọkọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn adájọ́ fi ń ṣí ìwé yẹn. Lọ́dún 1996, Cour constitutionnelle ní Kútọnu sọ pé kò ní agbára òfin. Code des personnes et de la famille sì dé lóṣù kẹjọ ọdún 2004. Ohun tí ó sọ kò fara sin: gbogbo ọmọ ló ń jogún bàbá àti ìyá wọn ní dọ́gbadọ́gba, ọkùnrin tàbí obìnrin, àkọ́bí tàbí àbígbẹ̀yìn, ìyá yòówù kó bí wọn. Opó náà ní ìpín tirẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin bí ọmọ bá wà.

Má ka òfin yìí sí wọn létí bí ẹni ń ka ìwé ìdájọ́. Àwọn bàbá rẹ mọ̀ pé ó wà. Jẹ́ kí ó wà lẹ́yìn rẹ bí ògiri, kí o sì máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ.

Ti alfa ṣòro díẹ̀. Bí alfa bá pín ogún gẹ́gẹ́ bí Kùránì ti wí, ọkùnrin yóò gba ìlọ́po méjì obìnrin, àwọn opó yóò sì gba ìdá kan nínú mẹ́jọ. Òfin ìlú kò pín in bẹ́ẹ̀, tribunal kò sì ní béèrè ẹ̀sìn yín. Mo mọ̀ pé ìwọ fúnra rẹ ń kírun, o kò sì fẹ́ kí wọ́n ní o kọ̀ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi ìpín dọ́gbadọ́gba sínú ìwé tribunal. Ọmọ tó bá ti dàgbà, tó sì fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún arákùnrin rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, kí ó gbà á sọ́wọ́ ná, kí ó tó fi tọ́rẹ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹlòmíràn fi tìrẹ tọrẹ lórúkọ Ọlọ́run. Àwọn àbúrò rẹ méjì tí wọn kò tíì tó ọmọ ọdún 18 ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè fi tiwọn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, adájọ́ ló ń ṣọ́ ìpín wọn.

Ó wá kan ìyàwó kékeré. Yìgì nìkan ni wọ́n so fún un, kò dé mẹ́rì. Òfin ọdún 2004 sì ní ìgbéyàwó tí officier de l'état civil bá ṣe nìkan ló ní agbára. Èyí ni pé lójú ìwé, kì í ṣe opó. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò yọ́ wá sọ èyí sí ìyá rẹ létí, tí yóò sì rò pé òun mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ìyá rẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ kọ́. Obìnrin yẹn gbé ọkọ sọ́wọ́ ní gbogbo òru àìsàn bàbá rẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni àbúrò rẹ, ìpín wọn kò dín kan sí tìrẹ. Ẹ jẹ́ kó máa gbé yàrá rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé yóò máa gbé níbẹ̀, kí ó má jẹ́ ojú àánú lásán. Bí ẹ bá tì í jáde, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò dàgbà, wọn yóò sì rántí.

Nípa ti ìsọ̀ àti ilẹ̀ kékeré tí bàbá rẹ ní ní òdìkejì ààlà, lápá Ìpókíá: má pa á pọ̀ mọ́ èyí. Nàìjíríà nìyẹn, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ògùn ni yóò fún yín níwèé àṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan owó tàbí ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Àṣà Yorùbá ṣì lágbára ní ilé ẹjọ́ wọn. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole, tó ti Èkó dé London lọ́dún 1962, ẹni tó kú ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Àwọn adájọ́ sì gbà pé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan, láìka iye ọmọ tó bí. Tiwa níbí, orí-ò-jorí ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá fi ohun tí wọ́n ṣe ní Ìpókíá kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, dáhùn pé «Ẹ ṣeun, bàbá», kí o sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn ni.

Bí gbogbo nǹkan wọ̀nyí bá wà lọ́wọ́ rẹ, ìpàdé ẹbí kò ní bà ọ́ lẹ́rù mọ́. Ìwé ohun tí bàbá rẹ ní, ìwé ohun tó jẹ, ìwé ààlà, orúkọ gbogbo ọmọ. Ìpàdé náà ni òfin ń pè ní conseil de famille. Kí ẹbí bàbá wà níbẹ̀, kí ẹnì kan wà láti ọ̀dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò kọ procès-verbal: ẹni tó kú, àwọn àrólé rẹ̀, ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó ẹrù títí wọn yóò fi pín in, ẹni tí yóò máa ṣojú àwọn ọmọ kékeré. Rí i pé orúkọ gbogbo ọmọ pé, ká má tún gbọ́ pé ọmọ kan wà ní Ìfàngní tí ẹ kò kọ. Gbogbo wọn yóò fọwọ́ sí i, ẹ ó sì gbé e wá sí tribunal níbí ní Pobè kí adájọ́ fàṣẹ sí i. Ìwé tí wọ́n bá fún yín lẹ́yìn ìyẹn ni bánkì, CLCAM àti àwọn oní-MoMo ń wò. Ẹ̀yin ló rọrùn fún. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Láti Sakété sí ibí, mọ́tò kan ni.

Ẹni tí wọ́n bá yàn ni ìjà sábà máa ń wà lórí. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ yóò fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Má kọ̀ ọ́ ní gbangba. Ní kí wọ́n yan ẹni méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ wọn, kí ìwọ jẹ́ èkejì, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó lè tà tàbí gba owó láìsí ọwọ́ èkejì. Lára wọn, èyí tó ń pariwo jù kọ́ ló burú jù. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín tó ń béèrè ibi tí ìwé ilẹ̀ wà ni kí o ṣọ́. Ìwé ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ, ẹ̀dà ni kí ẹ máa fi hàn.

Bí kò bá ṣeé ṣe ní ìrẹ̀lẹ̀, tribunal de conciliation wà ní Sakété, kò gba lọ́yà. Àwọn tó wà ní guichet unique de protection sociale, tí wọ́n ń pè ní centre de promotion sociale tẹ́lẹ̀, náà mọ ọ̀rọ̀ opó àti ọmọ òrukàn, wọ́n sì máa ń pe àwọn bàbá sí ìpàdé láìpariwo. Mo fẹ́ kí ẹ gba ibẹ̀ kí ẹ tó pe ara yín lẹ́jọ́.

Ìnáwó ogójì ọjọ́: ẹ ṣe é. N kò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ pe alfa, ẹ se oúnjẹ tí agbára yín ká, kí àwọn ọmọ sì dá owó láti àpò ara wọn, kí wọ́n kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá. Kò sí ìgbà tí ẹ̀sìn ní kí a ta oko nítorí jíjẹ mímu. Aṣọ ẹbí tí wọ́n ní kí ẹ rà, tó bá wù ọ́, rà á. Tí kò bá wù ọ́, aṣọ tí bàbá rẹ rà fún ọ nígbà Iléyá tó kọjá ṣì dára.

Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ ìpàdé, fi tó mi létí. Èmi kì í ṣe ẹbí bàbá rẹ, n kò ní sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìyá rẹ ni màá jókòó tì. Kí ó tó dìgbà náà, ya convention ti oko òkè sí mi lórí WhatsApp, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí sí, mo sì fẹ́ mọ èwo nínú wọn ló ṣì wà láàyè.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ ní Pobè